Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ìyá Àpọ́nlé àti Abọ́ Olódòdó Tó Wà ní Òfìkì

Èmi, Ràsáàkì Àkànní Ògúndìran, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, télọ̀ tó mọ iṣẹ́ jù láti Adó-Àwáyè títí dé Ṣakí (ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó mú aṣọ tó rán wá ká jọ wò ó), ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin nílé ìwòsàn lọ́sàn-án Alàmísì yìí, tí mò ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún mi. Orí mi pé pérépéré. Ikùn mi nìkan ni kò pé, torí wọ́n ní apẹ́ńdíìsì ti wú níbẹ̀, wọ́n á sì la ibẹ̀ lọ́la kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi kọ ọ́. Mi ò mutí. Mi ò bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé tó ń tọ́jú wa ní irú iṣẹ́ abẹ yìí kì í pa èèyàn, mo ní mo mọ̀. Àmọ́ nígbà tó gbé ìwé wá pé kí n fọwọ́ sí i, pé bí nǹkan kan bá ṣe mí kò sí ẹjọ́ lọ́rùn àwọn, mo wò ó pé bí àwọn bá ti kọ tiwọn sílẹ̀, ó yẹ kí èmi náà kọ tèmi.

Mo yan Tíṣà Adégbénró kí wọ́n jẹ́ alámòójútó ìwé yìí. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní pírámárì fáìfù kí n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ojú ẹgba wọn sì ṣì wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà sí i, pé ẹni tó bá jogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, pé kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, torí gírámà kì í jí òkú.

Nǹkan ẹyọ kan ló le nínú ìwé yìí, òun ni ẹ̀rọ ìránṣọ aláfọwọ́yí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Fàtímọ̀, àfẹ́sọ́nà mi, rò pé tòun ni bí mo bá kú. Bàbá Ládòkun, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, rò pé mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lò ó ni. Ẹ̀gbọ́n mi náà, Àwáwù, tó wà nílé ọkọ ní Òfìkì, rò pé wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ òun láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó mọ òótọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo dí wọn lójú, èmi náà ni n ó sì là á kí n tó fọwọ́ sí ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi àwọn ohun kéékèèké mú ọwọ́ gbóná.

Gbogbo ohun tó ṣeé jogún lọ́wọ́ mi, àfi àgbò kan, ọ̀dọ̀ Ìyá Àpọ́nlé ni wọ́n ti wá. Ìyá tó bí ìyá mi ni wọ́n, Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n nílé. Ayé Ọbabìnrin Fikitóríà ni wọ́n fi ṣe ọmọge. Wọ́n mú wọn lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n gbé lọ́dọ̀ ìyàwó òyìnbó míṣọ́nnárì kan fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń ránṣọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà wálé wá fẹ́ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, ìyá òyìnbó di ẹrù fún wọn. Wọ́n rù ú wálé. Ọdún 1979 ni wọ́n kú, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ọdún tí wọ́n lò, torí gbogbo ẹni tó lè kà á ti ṣaájú wọn lọ.

ABALA KÌÍNÍ. Òkú mi. Bí mo bá kú, kí wọ́n wẹ̀ mí, kí wọ́n kírun sí mi lára, kí wọ́n sin mí kíá bí wọ́n ṣe ń sin Mùsùlùmí. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé aṣọ funfun tí wọ́n fi ń di òkú wa kì í ní ojú abẹ́rẹ́. Èmi tí mo rán agbádá fún ìlú yìí ni n ó wá wọlẹ̀ nínú aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò rán. Ó dáa náà. Ó sàn ju kí télọ̀ tó wà lọ́wọ́ iwájú mọ́sálááṣí rán an fún mi, ẹni tí kò mọ ọrùn aṣọ yàtọ̀ sí ẹnu àpò.

ABALA KEJÌ. Àyọ́ọ̀nù eléèédú, èyí tó ní orí àkùkọ níbi ìdè rẹ̀, Fàtímọ̀ ni mo fi í sílẹ̀ fún. A ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku ká so yìgì. Mo mọ̀ pé bí mo bá kú báyìí, wọ́n á ní kì í ṣe opó mi, kò sì ní í rí ṣíbí gbà nílé wa. Ìdí nìyí tí mo fi kọ orúkọ tirẹ̀ ṣáájú ti gbogbo èèyàn.

Yóò bínú, torí ẹ̀rọ ló ń retí. Mo ti fọ́nnu fún un pé tèmi ni, pé a ó jọ máa lò ó. Fàtímọ̀, má bínú. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ fún ọ, mi ò ní in ni. Nígbà tó wá wò mí lánàá, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó jókòó, ó wò mí títí, ó ní, "Ràsáàkì, ìwọ tó o ní ikú ń sá fún ẹ, kí ló dé tójú ẹ funfun báyìí?" Mo ní páúdà ni mo kùn torí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi etí ìborùn nu ojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló ń nù.

Àyọ́ọ̀nù yẹn ni Ìyá Àgbà fi ń lọ aṣọ ìyá òyìnbó. Wọ́n ní yẹ̀rì mẹ́rin ni obìnrin náà ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ kan ṣoṣo, nínú oòrùn Abẹ́òkúta! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gba sítáàṣì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gba àyọ́ọ̀nù. Ó tún ní ìgbàdí kan tó ní egungun irin nínú, ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dè é bí ẹni ń di ẹrù mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìyá Àgbà á fi orúnkún tì í lẹ́yìn, wọ́n á máa fa okùn. Ìyá òyìnbó á ní, "Fà á sí i, Àpọ́nlé, fà á sí i," títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n bí osùn. Ìyá Àgbà ní òun bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ́ báyìí. Ó ní, "Mi ò ṣẹ̀ nǹkan kan. Bí obìnrin ṣe ń múra nìyí."

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń rán aṣọ obìnrin, mi ò tíì di ẹnì kankan bẹ́ẹ̀ rí. Fàtímọ̀, bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ọ tó sì ní kí o fún ara rẹ nídìí, gbé àyọ́ọ̀nù náà lé e lẹ́sẹ̀. Kó gbóná kó tó débẹ̀.

ABALA KẸTA. Fìtílà onígíláàsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí gíláàsì rẹ̀ sán díẹ̀ lápá kan, Tíṣà Adégbénró ni mo fi í sílẹ̀ fún. Ìdí fìtílà yìí ni ìyá òyìnbó ń jókòó sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé láti kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ nílùú wọn. Bó bá kọ ọ́ tán, á gbé e fún ọkọ rẹ̀, ọkọ á kà á tán kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá Àgbà ní ìgbà míì ọkọ máa ń ní kó tún un kọ. Tíṣà, ẹ fi fìtílà náà ka ìwé tèmi yìí, ṣùgbọ́n ẹ má fi bírò pupa kàn án.

Ní ti ìjà wa, mo ti fi jì yín. Ẹ ní kí n ṣírò iye ọjọ́ tí ọkùnrin mẹ́fà máa fi gbẹ́ kòtò kan. Mo ní kòtò kí ni? Ẹ nà mí. Mo ní bí èèyàn ò bá mọ ohun tí kòtò wà fún, kí ló fẹ́ máa bá wọn kà á fún? Ẹ tún nà mí. Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mi ò padà mọ́. Títí dòní mi ò mọ iye ọjọ́ náà, kò sì tíì sí oníbàárà tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

ABALA KẸRIN. Aṣọ oníbàárà tó wà nílẹ̀, kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín, èyí tí mo ti gé àtèyí tí mi ò tíì gé. Léèsì aláwọ̀ ewé tó wà lára ìṣó, ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló ni ín. Ó ti ń wá a láti Iléyá. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni mò ń sọ fún un pé wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí ni mò ń lò. Kó forí jì mí. Mo sì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìpàpó, ó yẹ mí jù ú lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wọn ìgbóná ara mi. Nọ́ọ̀sì ní ó ga díẹ̀. Mo ní ohun tí mò ń kọ ló gbóná. Ó ní kí n má mu omi mọ́ tó bá ti di alẹ́.

ABALA KARÙN-ÚN. Àgbò mi, Bàbá Ládòkun ni mo fi í sílẹ̀ fún. Kì í ṣe fún Iléyá o. Ìtánràn ni.

Láti ọdún márùn-ún, Àwáwù kì í wọ ilé Bàbá Ládòkun. Bó bá wá sí Ìsẹ́yìn, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé lọ́jà, Bàbá ní, "Àwáwù, ìyá Yétúndé, ṣé dáadáa la dé?" Ó kúnlẹ̀ o, ó kí wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò, bó sì ṣe dìde báyìí, ó lọ. Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n ní, "Ràsáàkì, kí ni mo ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ? Ṣé mo bú u ni? Àmọ̀kẹ́ ìyá yín fi yín lé mi lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀ ẹ́, kó sọ ọ́ sí mi lójú." Mo ní, "Bàbá, ẹ má dá a lóhùn. Ilé ọkọ ló ń yí obìnrin padà." Mo sọ ọ́ lójú wọn, mo sì ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà lọ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

ABALA KẸFÀ. Agolo bọ́tìnnì Ìyá Àgbà, èyí tí àwòrán Ọbabìnrin wà lára ìdérí rẹ̀ tí ìpẹtà ti jẹ imú rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀ka irin inú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ti abẹ́rẹ́, Yétúndé ọmọ Àwáwù ni mo fi í sílẹ̀ fún. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ọjọ́ kẹrin tí Ìyá Àgbà kú ni wọ́n bí i, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́. Ìyá ti tún dé. Kí wọ́n má jẹ́ kó gbé bọ́tìnnì mì.

ABALA KEJE. Mo fẹ́ kí wọ́n ka èyí sókè, kí ẹni tó ń kà á má sáré.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe tèmi. Ti Àwáwù ni. Ogún rẹ̀ ni, mo sì jí i.

Ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà la pín ẹrù wọn. Wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n to gbogbo ẹrù Abẹ́òkúta sórí rẹ̀. Nílé wa, bí ìyá bá kú, ohun èlò rẹ̀ tó bá jẹ́ ti obìnrin, ọmọ obìnrin ló ń kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Ìyá wa Àmọ̀kẹ́ ni ìbá nawọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣaájú ìyá wọn kú, ó wá kan Àwáwù. Àwáwù sì wà ní Òfìkì pẹ̀lú ọmọ ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́, ìyálọ́mọ kì í sì í jáde nílé wa kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Bàbá Ládòkun wá ní, "Ràsáàkì, ìwọ ni wọ́n bí tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ lọwọ́ rẹ̀ lónìí. Mú fún un."

Mo nawọ́, mo fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Gbogbo ilé ní, "Ó tọ́." Bàbá Ládòkun mú àga tó ń mi. Nígbà tó wá kan èmi fúnra mi, mo mú àyọ́ọ̀nù, mo mú fìtílà, mo mú agolo bọ́tìnnì, mo mú abọ́ olódòdó kan. Ìyẹn ni tèmi. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo gbé ẹ̀rọ sí yàrá mi pé bó bá di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ n ó gbé e lọ sí Òfìkì. Lọ́jọ́ kejì mo rán ṣòkòtò kan lórí rẹ̀, mo ní kí n kàn dán an wò ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe télọ̀ ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tí mo fi kọ́ṣẹ́ máa ń já òwú, ó máa ń fo, ó máa ń pariwo bí ẹni ń lọ ata. Èyí ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń fa okùn nínú òróró. Mo ní kí lobìnrin tó ń tọ́mọ fẹ́ fi í ṣe? Mo ní ta ló mọ iṣẹ́ jù nínú àwa méjèèjì? Èmi ni mo mọ iṣẹ́ jù. Ìyẹn ò sọ ọ́ di tèmi.

Mo sọ fún Bàbá Ládòkun àti gbogbo ilé pé Àwáwù ní kí n máa bá òun lò ó títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Mo lọ sí Òfìkì, mo sọ fún Àwáwù pé Bàbá Ládòkun ló fi agbára àgbà gba ẹ̀rọ, pé wọ́n ní nǹkan tó dáa tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sílé ọkọ, pé èmi kàn ń bá Bàbá lò ó ni. Irọ́ méjì, abẹ́rẹ́ kan ni mo fi rán wọn pọ̀. Ọmọ ti já lẹ́nu ọmú. Ọmọ ti wọlé-ìwé. Àwáwù kò bi Bàbá, torí ó rò pé àgbà tó gba ogún ọmọ òrukàn ò ní í tijú ẹ̀. Bàbá kò bi í nípa ẹ̀rọ, torí wọ́n gbà pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti jọ sọ ọ́.

Ohun tó jẹ́ kó burú ni pé mo mọ bí wọ́n ṣe rí ẹ̀rọ yẹn. Ìyá Àgbà sọ ọ́ fún mi lójúkojú. Ìyá òyìnbó ló ń yí i lójoojúmọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yí i tí ọwọ́ ẹ̀rọ fi dán. Nígbà tó fẹ́ fi ta Àpọ́nlé lọ́rẹ, ó ní láti lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ. Ọkọ ní òun ṣì ń rò ó. Ìyá Àgbà ní òun dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú òṣùká lórí, òun ń gbọ́ bí àgbàlagbà obìnrin ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tó jẹ́ tirẹ̀, nílùú tí obìnrin bíi tirẹ̀ ti ń jọba. Nígbà tí ọkọ gbà, Ìyá Àgbà gbé e rù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn dé Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní ojú ọ̀nà yẹn ni òun ti sọ ọ́ lẹ́nu ara òun pé obìnrin ni yóò máa fa ẹ̀rọ yìí lé obìnrin lọ́wọ́, pé kò ní í sí obìnrin tó máa tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin mọ́ láyé.

Ìgbà tí mò ń bá wọn yí ọwọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìgbà tí mo lọ sí Òfìkì kẹ́yìn, mo bá ìyá Yétúndé lórí ẹní, ó ń fi ọwọ́ rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ. Ọwọ́ lásán. Ó ní, "Àbúrò mi télọ̀, ẹ wá wò ó o, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ gún ju tèmi lọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, mi ò sì ní í tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì.

ABALA KẸJỌ. Abọ́ olódòdó. Tíṣà, abala yìí, ẹ má kà á sókè.

N ò lè lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ òfo. Mo gbé abọ́ olódòdó lọ́wọ́, mo ní ìpín rẹ̀ nìyẹn. Abọ́ tánganran funfun ni, òdòdó pupa yí i ká, ó ní ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ife ńlá. Ẹ̀gúsí ni Ìyá Àgbà ń kó sí i, gbogbo ilé sì gbà pé abọ́ ọbẹ̀ àwọn òyìnbó ni. Èmi nìkan ni wọ́n sọ òótọ́ fún. Póò ni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá òyìnbó ló ń gbé, Ìyá Àgbà ló sì ń dà á nù láràárọ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n ní ìdí tí òun fi gbé e wálé nìyẹn, kí òun lè máa fi kó ẹ̀gúsí, kí òun sì máa fi rẹ́rìn-ín.

Àwáwù fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó to ọ̀lẹ̀lẹ̀ sínú rẹ̀, ó gbé e síwájú àwọn àlùfáà. Mo wà níbẹ̀. Lèmọ́mù ní, "Abọ́ yìí mà dára o, ìyálọ́mọ. Níbo lẹ ti rí i?" Àwáwù ní, "Ogún ìyá wa ni, àbúrò mi ló gbé e wá." Lèmọ́mù bá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ṣàdúà fún mi, pé bí mo ṣe bu ọlá fún ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run á ṣe bu ọlá fún mi. Àdúà náà gùn. Mo ṣe àmín rẹ̀ tán.

Títí di òní, inú abọ́ yẹn ló fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò pàtàkì. Tíṣà, àlejò pàtàkì lẹ máa jẹ́. Bí ó bá gbé oúnjẹ wá nínú abọ́ olódòdó, ẹ ní ẹ ń gbààwẹ̀. Ẹ̀yin onígbàgbọ́ pàápàá máa ń gbààwẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti rí ẹ̀rọ rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kí ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sọ ohun tí abọ́ náà jẹ́ fún un. Mo fi abọ́ náà sílẹ̀ fún un, tèmi gan-an ni, mo lè fi tọrẹ. Bó bá fẹ́ kó ẹ̀gúsí sí i, kó kó o. Bó bá fẹ́ fọ́ ọ mọ́ mi lórí, bí mo bá ṣì lórí, mi ò ní í yẹrí.

ABALA KẸSÀN-ÁN. Tíṣà ní ìwé ìhágún kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ẹni tó kọ ọ́ bá kú. Abala yìí ò gbọdọ̀ dúró de ikú.

Mo mọ ara mi. Bí mo bá kú, kò síṣòro, òkú kì í di ẹ̀rọ mú. Bí mo bá jí ni ìṣòro wà. Bí mo bá jí, n ó ní ewu ti kọjá. N ó ní ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún léèsì ọ̀gá yẹn ṣe tán. N ó ní ó di lẹ́yìn ìgbéyàwó mi. N ó ní ibà ló ń kọ ìwé yìí, kì í ṣe èmi. Mo dùn lẹ́nu, Tíṣà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, n ó sọ ọ́ títí ẹ̀yin gan-an á fi gbà mí gbọ́.

Nítorí náà, lọ́la ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, kí Tíṣà àti Bàbá Ládòkun lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà, pẹ̀lú àpótí rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kù, kí wọ́n wọ mọ́tò tó ń gba Ìpàpó lọ sí Òfìkì. Kí Tíṣà kọ́kọ́ ka abala karùn-ún àti ìkeje fún Bàbá nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí Bàbá bá fẹ́ bú mi, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi tán, mọ́tò ò ní í fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Bàbá fúnra wọn ni kó gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níwájú ìyá Yétúndé, kó lè rí i pé ọwọ́ tí òun rò pé ó gbà á ni ọwọ́ tó gbé e wá. Kí Tíṣà wá ka abala keje fún un. Kò gbọdọ̀ tọrọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dúpẹ́.

Ẹ má dààmú nípa iṣẹ́ mi. Ọwọ́ mi méjèèjì pé. N ó ra ẹ̀rọ mìíràn bí Ọlọ́run bá fẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó lọ sí Òfìkì lọ bẹ Àwáwù kó gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó lè ní òun ṣì ń rò ó. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Bí mo bá lajú tí mo sì ń béèrè ẹ̀rọ mi, kí Nọ́ọ̀sì fi òwú tútù nu ètè mi, kí ẹnikẹ́ni má dá mi lóhùn.

Mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú orí pípé, ní Ìsẹ́yìn, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, ọdún 1984.

RÀSÁÀKÌ ÀKÀNNÍ ÒGÚNDÌRAN, Télọ̀

Àwọn ẹlẹ́rìí tó rí i nígbà tó ń fọwọ́ sí i:

Mọ́ládé Adéwùmí, nọ́ọ̀sì. Ìgbóná ara rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ibà ló kọ ọ́.

Olúsọjí Ìyápọ̀, bẹ́ẹ̀dì karùn-ún, ẹsẹ̀ kíkán. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí.

Alámòójútó: Mo gba iṣẹ́ tó fi rán mi. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni wọ́n máa gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, aago mẹ́sàn-án ni mọ́tò Òfìkì ń gbéra. Ó ti béèrè kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù padà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tó ti fọwọ́ sí ìwé yìí. Mi ò fún un.
J. Adégbénró